Amíbà tó ń sá pamọ́ fún oògùn: Ìdí tí ìgbẹ́ ọ̀rìn fi ń padà wá bá ẹni tó rò pé òun ti sàn

Àwọn àgbà ló máa ń sọ pé bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ọ̀rọ̀ yìí bá ìgbẹ́ ọ̀rìn mu wẹ́kú. Inú yóò máa lọ́ ènìyàn, yóò máa sáré lọ sí ilé ìgbẹ́ nígbà gbogbo, ohun tí yóò sì máa yà kò ní ju ikun àti ẹ̀jẹ̀ lọ. Yóò ra oògùn Flagyl ní kẹ́míìsì, yóò lò ó fún ọjọ́ díẹ̀, ara yóò sì yá. Kò ní ju oṣù mélòó kan lọ, àìsàn kan náà yóò tún dé.

Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, oríṣiríṣi ni ẹnu ń sọ. Àwọn kan á ní oúnjẹ tí ẹni náà jẹ lóde ni. Àwọn mìíràn á ní oògùn tí wọ́n tà fún un kì í ṣe ojúlówó. Ẹlòmíràn á tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí aládùúgbò. Lóòótọ́ ni pé oògùn ayédèrú wà lọ́jà, ènìyàn sì lè kó àrùn náà níbòmíràn. Ṣùgbọ́n ìdí kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Kòkòrò tó fa àìsàn náà lè máà tíì tán nínú ìfun ẹni náà. Ó sì lè jẹ́ pé ńṣe ló dé èèpo mọ́ra, tó bá ìgbẹ́ jáde, tó tún gba inú omi tàbí orí ọwọ́ padà sẹ́nu rẹ̀, tàbí sẹ́nu àwọn ará ilé rẹ̀.

Èèpo yìí ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Òun ló jẹ́ kí ó ṣòro láti ṣẹ́gun kòkòrò náà láti ọdún pípẹ́ wá.

Kòkòrò kan, ìrísí méjì

Amíbà ni wọ́n ń pe kòkòrò náà. Amíbà pọ̀ lóríṣiríṣi, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í ṣe ènìyàn ní ibi. Èyí tó ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Entamoeba histolytica. Dókítà ará Rọ́ṣíà kan, Fedor Lösch, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1875, nígbà tó rí i nínú ìgbẹ́ àgbẹ̀ kan tó wá gba ìtọ́jú ní ìlú St. Petersburg. Ní ọdún 1903, Fritz Schaudinn, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, sọ ọ́ ní orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní. Ìtumọ̀ histolytica ni ohun tó ń yọ́ ẹran ara, nítorí ohun tí kòkòrò náà ń ṣe sí ara ìfun gan-an nìyẹn.

Ìrísí méjì ni amíbà yìí ní. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń jẹun. Ó rọ̀, kò ní èèpo, ó ń rìn káàkiri inú ìfun ńlá, ó ń jẹ ohun tó bá rí, ó sì ń pín sí méjì méjì láti pọ̀ sí i. Òun ló ń dá egbò sí ara ìfun. Nígbà mìíràn, ó máa ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á sì kún fún ọyún. Pẹ̀lú gbogbo agbára tó ní nínú ara, aláìlera ni bó bá ti jáde síta. Bí ó bá bá ìgbẹ́ bọ́ sílẹ̀, kì í pẹ́ kú.

Ìrísí kejì ni àwọn oníṣègùn ń pè ní sísìtì. Ẹni tó bá mọ ìgbín dáadáa kò ní ṣòro fún láti mọ ohun tí sísìtì jẹ́. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, ìgbín á wọ inú ìkarahun rẹ̀, á fi ohun funfun kan dí ẹnu rẹ̀, kò ní jẹ, kò ní mu, kò ní rìn. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ó ti kú ni. Ṣùgbọ́n bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, á jáde. Ohun tí amíbà náà ń ṣe nìyẹn.

Bí èèpo náà ṣe ń délẹ̀

Bí amíbà bá ti ń sún lọ sí ìsàlẹ̀ ìfun ńlá, tí omi ń fà kúrò nínú ìgbẹ́, tí ibẹ̀ kò sì rọrùn fún un mọ́, ó máa ń dẹ́kun oúnjẹ jíjẹ. Á ká ara rẹ̀ jọ, á sì rí róbótó bí ẹyin. Lẹ́yìn náà ni á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ohun kan jáde tí yóò fi mọ odi yí ara rẹ̀ ká. Ohun tó fi ń mọ odi náà ni chitin, irú èyí tó wà lára èèpo akàn, edé àti àwọn kòkòrò tó ń fò. Nínú odi yìí, kóró kan ṣoṣo tí amíbà náà ní á pín di méjì, á sì tún pín di mẹ́rin.

Sísìtì kéré gan-an. Bí a bá to 50 sí 100 nínú wọn sórí ìlà kan, gígùn gbogbo wọn kò ju mílímítà kan lọ. Ẹnì kan ṣoṣo tó ní àrùn náà lára lè yà tó mílíọ̀nù 45 nínú wọn jáde ní ọjọ́ kan.

Bó bá ti délẹ̀, ó lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nínú omi tàbí nínú ilẹ̀ tó tutù. Bí ènìyàn bá gbé e mì, omi kíkan inú ikùn, tó ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò mìíràn, kò lè ràn án. Ìgbà tó bá dé ìfun kékeré ni á tó já èèpo rẹ̀ jáde. Kóró mẹ́rin inú rẹ̀ á di mẹ́jọ, amíbà tuntun mẹ́jọ á sì gba ìfun ńlá lọ. Sísìtì kan ló wọlé, mẹ́jọ ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹni tí ara rẹ̀ yá ló ń pín àrùn

Ohun tó ya ni lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹni tó ń ṣu ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló léwu jù fún àwọn ará ilé. Ìgbẹ́ rẹ̀ ń sáré jáde, amíbà inú rẹ̀ kò ráyè dé èèpo mọ́ra, àwọn tó sì bọ́ sílẹ̀ láìní èèpo kì í pẹ́ kú. Ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ le dáadáa, tí inú kò run, tó ń lọ sóko, tó ń lọ sọ́jà, tó ń se oúnjẹ, òun gan-an ni sísìtì ń ti ara rẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ sì ni nínú ènìyàn mẹ́wàá tí kòkòrò náà bá wà nínú ìfun wọn, nǹkan bí mẹ́sàn-án ni kì í ṣàìsàn kankan.

Ìlú Manila, lórílẹ̀-èdè Philippines tó wà lábẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà nígbà náà, ni èyí ti hàn kedere. Ní ọdún 1913, àwọn onímọ̀ méjì kan, Ernest Walker àti Andrew Sellards, gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde lórí ọ̀nà tí ìgbẹ́ ọ̀rìn ń gbà ran ènìyàn. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó yọ̀ǹda ara wọn ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Bilibid ni wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò náà, irú èyí tí kò bá òfin ìṣègùn òde òní mu rárá. Ọkùnrin 20 ni wọ́n fún ní kòkòrò náà gbé mì. Nínú wọn, 18 ni kòkòrò náà ráyè gbé nínú ìfun wọn. Mẹ́rin péré ló ṣu ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ 20 ni àìsàn náà fi dúró kó tó mú ẹni àkọ́kọ́, ó mú ẹnì kejì lẹ́yìn ọjọ́ 57, ẹnì kẹta lẹ́yìn ọjọ́ 87, ẹnì kẹrin sì lẹ́yìn ọjọ́ 95.

Àwọn 14 tó kù kò mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣe àwọn, bẹ́ẹ̀ kòkòrò ń gbé inú wọn. Ibi tí ẹ̀kọ́ náà wà nìyẹn. Ẹni tó bá ń ṣu ẹ̀jẹ̀ lónìí lè ti gbé kòkòrò náà mì láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, láti ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ pé òun ní nǹkan kan lára.

Ìpàtẹ ńlá tó di ẹkún ní Chicago

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àrùn abúlé tàbí ti tálákà nìkan ni èyí, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Chicago, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1933 yóò yí i lọ́kàn padà. Ìlú náà ṣe ìpàtẹ àgbáyé ní ọdún yẹn, èrò tó wá síbẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 20. Àwọn tó lówó lọ́wọ́ dé sí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńlá àárín ìlú.

Láti oṣù kẹjọ ọdún náà ni àwọn aláṣẹ ìlera ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí àmì pé nǹkan kò lọ déédéé. Ṣùgbọ́n amíbà kì í ya ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Àwọn àlejò ti padà sí ìlú wọn kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọn. Àwọn dókítà ibẹ̀ kò retí ìgbẹ́ ọ̀rìn láàárín àwọn ọlọ́lá, wọ́n rò pé àpẹ́ńdíìsì ni, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn kan tí kò yẹ kí wọ́n fọwọ́ kan rárá. Oṣù kọkànlá kí ìkéde tó jáde fún gbogbo ènìyàn. Ní ọjọ́ 5 oṣù náà ni Texas Guinan, òṣèré tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri Amẹ́ríkà, kú ní ìlú Vancouver lórílẹ̀-èdè Kánádà. Ó ti ṣeré ní Chicago nígbà ìpàtẹ náà.

Nígbà tí wọ́n wádìí, ìdí ọ̀rọ̀ dé hòtẹ́ẹ̀lì méjì tó wà nítòsí ara wọn. Àwọn páìpù wọn ti gbó, àwọn kan sì wà tí a so pọ̀ lọ́nà tí kò tọ́, débi pé omi ìgbẹ́ ń ráyè wọ inú omi mímu. Ènìyàn 1,409 ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé wọ́n kó àrùn náà, 98 nínú wọn ló kú.

Omi ìlú Chicago kò ṣàìní kẹ́míkà chlorine tí wọ́n fi ń pa kòkòrò nínú omi ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tó tó láti pa bakitéríà kò tó láti pa sísìtì. Èèpo tó gba amíbà lọ́wọ́ omi kíkan inú ikùn náà ló gbà á lọ́wọ́ kẹ́míkà.

Ibi tí Flagyl mọ

Ọ̀rọ̀ oògùn náà kò yàtọ̀. Gbòǹgbò igi kan láti Brazil, ipecacuanha, ni wọ́n fi ń tọ́jú ìgbẹ́ ọ̀rìn ní ayé àtijọ́. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti yọ oògùn emetine, èyí tí Leonard Rogers bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìsàn ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní Calcutta, ní Íńdíà, ní ọdún 1912. Ẹ̀jẹ̀ dá lójú ẹsẹ̀, inú gbogbo ènìyàn sì dùn. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé àìsàn ń padà wá bá ọ̀pọ̀ nínú wọn, sísìtì sì ń bá ìgbẹ́ wọn jáde. Yàtọ̀ sí ìyẹn, oògùn náà ń ṣe ọkàn ní ibi.

Metronidazole, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Flagyl, ló wá gba ipò rẹ̀. Ní ọdún 1966, S. J. Powell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Durban, ní South Africa, kéde pé ó ṣiṣẹ́ dáadáa fún ìgbẹ́ ọ̀rìn àti fún ọyún inú ẹ̀dọ̀. Láti ìgbà náà, ó ti gba ẹ̀mí àìlóǹkà ènìyàn là. Oògùn rere ni. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ìdí méjì ló fà á. Àkọ́kọ́ ni pé kíá ni Flagyl ń gba ìfun kékeré wọ inú ẹ̀jẹ̀. Èyí dára fún pípa amíbà tó ti wọ ara ìfun tàbí ẹ̀dọ̀. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ló ń ṣẹ́kù tó máa dé inú ihò ìfun ńlá, níbi tí àwọn amíbà mìíràn ń gbé, tí wọ́n sì ti ń dé èèpo mọ́ra. Èkejì ni pé Flagyl kò tíì di májèlé nígbà tí a gbé e mì. Amíbà fúnra rẹ̀ ló ń fi iṣẹ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di májèlé, bí ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ro ọbẹ̀ tí yóò pa á. Sísìtì kì í jẹun, kì í sì í ṣe iṣẹ́ tó ń sọ oògùn di májèlé. Ẹni tó ń sùn kò ro ọbẹ̀.

Ní ọdún 2003, Rashidul Haque, onímọ̀ ìṣègùn láti Bangladesh, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine pé nínú 100 ènìyàn tó lo irú oògùn bíi Flagyl fún àrùn yìí, kòkòrò náà lè ṣẹ́kù nínú ìfun tó 40 sí 60 nínú wọn.

Àgbẹ̀ tó bá ti bá koríko ẹ̀kan jà rí yóò lóye èyí. Bí a bá fi àdá bẹ́ ewé rẹ̀, oko á mọ́ lójú. Ṣùgbọ́n bí a kò bá fi ọkọ́ hú gbòǹgbò rẹ̀, òjò kan ṣoṣo ló kù kó padà. Ìdí nìyí tí ìtọ́jú ìgbẹ́ ọ̀rìn tí amíbà fà fi ní oògùn méjì nínú. Flagyl tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò, kí wọ́n tó wá fi oògùn kejì tó ń ṣiṣẹ́ nínú ihò ìfun tẹ̀ lé e. Paromomycin àti diloxanide furoate wà lára irú oògùn kejì yìí. Oògùn kejì ni ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í dé ìdí rẹ̀, nítorí pé ara wọn ti yá kó tó kàn wọ́n. Ẹni tí ara rẹ̀ ti yá, báwo ló ṣe máa tún ra oògùn?

Bẹ́ẹ̀, ohun tó wà nílẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ọyún inú ẹ̀dọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, tàbí ọdún pàápàá, tí kòkòrò náà ti wọ ara, àwọn ọkùnrin tó ti dàgbà ló sì ń ṣe jù. Ní ọdún 1997, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fojú bù ú pé 40,000 sí 100,000 ènìyàn ni àrùn amíbà ń pa lọ́dọọdún.

Kì í ṣe gbogbo inú rírun ni amíbà

Èyí kò wá túmọ̀ sí pé kí gbogbo ẹni tí inú bá run máa sáré ra oògùn méjì lọ́jà. Bakitéríà náà ń fa ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, oògùn tiẹ̀ sì yàtọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, amíbà mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní Entamoeba dispar. Ó jọ ti ìgbẹ́ ọ̀rìn bí ìbejì, sísìtì rẹ̀ kò sì ṣeé dá mọ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ awò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ènìyàn ní ohunkóhun. Ọdún 1993 ni Louis Diamond àti Graham Clark fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá rí sísìtì nínú ìgbẹ́ rẹ̀ lè máà nílò oògùn kankan. Dókítà ló yẹ kó sọ èyí tó jẹ́, kì í ṣe ẹni tó ń kiri oògùn nínú ọkọ̀.

Ẹni tó bá ń ṣu ẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn ló yẹ kó gbà lọ. Bí wọ́n bá sì ní amíbà ni, ìbéèrè kan wà tó yẹ kó bi dókítà kó tó kúrò níbẹ̀: lẹ́yìn Flagyl yìí, oògùn wo ló máa lé èyí tó kù nínú ìfun?

Ohun tó ń borí èèpo náà

Bí èèpo sísìtì ṣe le tó, iná borí rẹ̀. Omi tó bá hó dáadáa kò ní sísìtì tó wà láàyè nínú mọ́. Gbígbẹ pátápátá náà ń pa á. Álọ́ọ̀mù tí ọ̀pọ̀ ń dà sínú omi odò tàbí omi kànga máa ń jẹ́ kí ìdọ̀tí rọ̀ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pa sísìtì. Omi tó mọ́ lójú kò fi dandan jẹ́ omi tó mọ́ nínú.

Ọwọ́ ni ọ̀nà kejì. Fífi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, kí a tó fọwọ́ kan oúnjẹ, ń já ọ̀nà mọ́ sísìtì, pàápàá fún àwọn tó ń se oúnjẹ fún ilé tàbí fún títà. Èso àti ewé tí a ó jẹ ní tútù gba kí a fi omi tó mọ́ fọ̀ wọ́n. Kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga, kí a sì máa dé oúnjẹ, nítorí eṣinṣin àti aáyán máa ń fi ẹsẹ̀ gbé sísìtì láti orí ìgbẹ́ wá sórí àwo.

Ní ti àwọn onímọ̀, ìwádìí wọn kò tíì dúró. Nítorí pé amíbà ti ènìyàn kì í fẹ́ dé èèpo mọ́ra nínú ilé àyẹ̀wò, ìbátan rẹ̀ tó ń gbé inú ejò àti alángbá, Entamoeba invadens, ni wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀kọ́. Ní ọdún 2015, Fumika Mi-ichi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan fi hàn pé ohun ọlọ́ràá kan tí amíbà ń ṣe nínú ara rẹ̀, cholesteryl sulfate, wà lára ohun tó ń mú un dé èèpo mọ́ra. Èrò tó wà nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé bí a bá lè dá amíbà dúró kó tó mọ odi rẹ̀, kò ní lè ti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn.

Títí di ìgbà tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ yóò fi dé, ìkòkò omi tó ń hó lórí iná, ọṣẹ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ́, àti oògùn kejì tí a kò fi sílẹ̀ nítorí pé ara ti yá, ni ohun tó wà lọ́wọ́. Ara tó yá kì í ṣe ẹ̀rí pé iná ti tán láṣọ.